Àwo Orin Tó Kẹ́yìn, Tí Ẹ Kò Gbọ́

Dádì mi tí mo fẹ́ràn,

A ti parí àwo orin náà. Òun ló kẹ́yìn fún ẹgbẹ́ orin wa. Lẹ́yìn ìsìnkú yín, Ngozi tó ń kọrin fún wa rí iṣẹ́ sí Àbújá, Obinna onílù wa sì gba físà Kánádà. Èmi nìkan ló kù pẹ̀lú gìtá mi.

Yàrá ẹ̀yìnkùlé yín ní Uwani, nílẹ̀ Ígbò níbí, la ti gbà á sílẹ̀. A gba ariwo òjò lórí páànù, a gba ìró ẹ̀rọ ìránṣọ Mọ́mì, a sì lọ́ ohùn gìtá títí ó fi ń kérora bí ènìyàn. Ẹ máa ń sọ pé orin rọ́ọ̀kì wa dà bí ìgbà tí abọ́ ń já bọ́ ní kíṣìnnì, síbẹ̀ ẹ ó gbé àga sẹ́nu ọ̀nà, ẹ ó jókòó títí a ó fi parí. Kí lẹ ń gbọ́ níbẹ̀?

Tiyín ni orin tó gbẹ̀yìn àwo náà. Mo fi ìwọ̀nba Yorùbá tí mo gbọ́ kọ ọ́ sílẹ̀. Nígbà tó yẹ kí n kọ ọ́ lórin, n kò lè kọjá ìlà kìíní. Obinna bá dìde nídìí ìlù, ó gba máíkì lọ́wọ́ mi, ó kọ ọ́ tán. Dádì, ọmọ Ígbò yìí ń pe ọ̀rọ̀ bí ẹ ṣe ń pè é gẹ́lẹ́, pẹ̀lú ohùn Ìjẹ̀ṣà yín.

Mọ́mì dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Ta ló kọ́ ẹ?"

"Dádì ni, Mà. Bí mo bá ń dúró de ọmọ yín kó ti ibi iṣẹ́ dé, wọ́n máa ń kọ́ mi."

N kò mọ̀. Kí lẹ̀yin méjèèjì máa ń sọ? Ṣé ẹ máa ń dárúkọ mi?

Obinna lọ ní Sátidé. Ní páàkì, kó tó wọ mọ́tò, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún Mọ́mì. Wọ́n gbé e dìde, wọ́n dì í mú, wọn ò fẹ́ fi í sílẹ̀.

Àwo náà ti jáde. Àwọn tó gbọ́ ọ kò pọ̀. Mọ́mì máa ń gbọ́ ọ bí wọ́n bá ń dáná, ṣùgbọ́n bó bá ti kan orin yín, wọ́n á pa á.

Lánàá, wọ́n jẹ́ kó dópin. Wọ́n nu ojú wọn.

"Máa bá mi sọ Yorùbá, bí o ò tiẹ̀ gbọ́ ọ dáadáa. Láti ìgbà tí Dádì ẹ ti lọ, kò sẹ́ni tó ń fi Yorùbá pè mí wá jẹun mọ́."

Mo gbé oúnjẹ sórí tábìlì, mo fi Yorùbá pè wọ́n. Wọ́n dá mi lóhùn bí wọ́n ṣe máa ń dá yín lóhùn.

Èmi ni,
ọmọ yín tí àárò yín ń sọ.