Ọwọ́ Adájọ́ àti Ìwọ̀n Wọnrí-wọnrí

Mọ́ńdè, oṣù kẹta, ọjọ́ 4

Tíṣà ránṣẹ́ pè mí. Mo sáré lọ, ọṣẹ ṣì wà ní ìgbọ̀nwọ́ mi. Ó ní Adájọ́ kì í sọ̀rọ̀ ní kíláàsì. (Adájọ́ ni mo ń pe ọmọ mi — ọmọbìnrin ọdún mẹ́fà tó ń wo èèyàn bí ẹni fẹ́ rán an lẹ́wọ̀n.) Wọ́n á wọn ọpọlọ rẹ̀. Tí kò bá pé àádọ́rin, ó di ilé ìwé àwọn tórí wọn ò yá, lẹ́yìn ìlú. Ibẹ̀ ni wọ́n ń sùn. Ìparí oṣù nìkan ni wọ́n ń wálé.

Mo ní, "Ẹ ṣé, mà." Ohun tí mo mọ̀ ọ́n sọ nìyẹn tẹ́rù bá ń bà mí.

Túsìdé, ọjọ́ 5

Ìyá ọkọ mi ti gbọ́. "Kò sẹ́ni tórí ẹ̀ ò yá nílé tiwa o, ìyàwó. Ẹ wò ó dáadáa lọ́dọ̀ tiyín." Ó mọ̀ pé kíláàsì kẹta ni mo ti kúrò nílé ìwé. Ó máa ń rán mi létí kí n má baà gbàgbé. Ó mà ṣeun o. Ọkọ mi tẹjú mọ́ abọ́ ọbẹ̀, bí ẹni pé ibẹ̀ ni ìdáhùn wà.

Tọ́sìdé, ọjọ́ 7

Ọ̀la ni. Mo lọ aṣọ ilé ìwé rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Mo kìlọ̀ fún un bí mo ṣe máa ń kìlọ̀ tá a bá ń lọ gbé aṣọ fáwọn oníbàárà: ká ọwọ́ ẹ jọ, má fọwọ́ kan nǹkan onínǹkan. Bí ìyá mi ṣe kọ́ èmi náà nìyẹn.

Fúráídé, ọjọ́ 8

Ẹni tó ń wọn ọpọlọ ti wá. Wọnrí-wọnrí ni mo sọ ọ́. Wolé-wolé ń wo ilé, èyí ń wọn orí. Mo rò pé ó máa fa téèpù yọ bíi télọ̀. Rárá o. Báàgì kan, aago kékeré kan téèyàn ń tẹ̀ kó máa ka ìṣẹ́jú. Yàrá tí wọ́n ń kó ṣọ́ọ̀kì sí. Wọ́n ní kí n jókòó sẹ́yìn, kí n má lanu.

Ó to àwòrán sílẹ̀: tòmátì, bàtà pupa, ẹyin, fìlà funfun. Ó ní kó kó àwọn tó bára wọn lọ pọ̀. Adájọ́ kó tòmátì mọ́ bàtà, ó kó ẹyin mọ́ fìlà. Kí ló dé? "Pupa máa ba funfun jẹ́." Èmi alágbàfọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ pàtẹ́wọ́! Wọnrí-wọnrí kọ òdo. Mo rí i látẹ̀yìn — òdo ni mo mọ̀ jù nínú ìwé.

Ó wá da igi kéékèèké sórí tábìlì, ojú kan pupa, ojú kan funfun. Ó fi àwòrán hàn án: "Ṣe irú èyí." Ó tẹ aago. Adájọ́ ká ọwọ́ jọ, ó ń wo igi. Ó tún fi òmíràn hàn án. Títí ó fi di àwòrán mẹ́jọ. Kò fọwọ́ kan ọ̀kan. Ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́! Orí mi wú.

Wẹ́sìdé, ọjọ́ 13

Ọgọ́ta lé kan.

Tọ́sìdé, ọjọ́ 14

Tíṣà ní ìwọ̀n ò mojú ẹnikẹ́ni. Ó dáa fún ìwọ̀n. Ó di Fúráídé, ọjọ́ 22, kí n wá fọwọ́ síwèé, kí wọ́n gbé e lọ. Ìyá ọkọ mi ti ń ka ẹbí mi lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń wá ẹni tó kó o ràn án.

Ìbọ̀sẹ̀ ilé mẹ́rin dà pọ̀ mọ́ra lónìí. Adájọ́ ti yà wọ́n sọ́tọ̀ kí áyọ́ọ̀nù tó gbóná, kò ṣì í rárá. Ọgọ́ta lé kan ló ṣe é o.

Sátidé, ọjọ́ 16

A gbé aṣọ lọ fún oníbàárà. Ọmọ wọn da nǹkan ìṣeré sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ìyá ọmọ ní kí Adájọ́ wá bá a ṣeré. Ó ká ọwọ́ jọ, ó wojú mi. "Màámi, ṣé kí n fọwọ́ kàn án?"

Aṣọ bọ́ lọ́wọ́ mi.

Lójú ọ̀nà mo bi í: igi ọjọ́sí ńkọ́, ṣé o mọ̀ ọ́n ṣe? Ó ní, "Ó rọrùn. Àmọ́ tiwọn ni."

Èmi ni. Èmi gan-an ni mo so ọwọ́ ọmọ mi, tí mo wá jókòó sẹ́yìn, tórí mi ń wú.

Mọ́ńdè, ọjọ́ 18

Mo lọ bá Wọnrí-wọnrí ní ọ́fíìsì. Mo ṣàlàyé ìkìlọ̀ tí mo fún ọmọ mi. Ó rẹ́rìn-ín: "Màdáámú, mo ṣáà ní kó ṣe é."

"Ọ̀gá, ẹ ò sọ fún un pé kó fọwọ́ kàn án."

Ó ṣí ìwé Adájọ́, ó tún un wò. Ó ní kí n mú un wá ní Fúráídé, igi yẹn nìkan, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. "Àmọ́ ẹ má retí púpọ̀ o." Ẹ ṣé, sà.

Fúráídé, ọjọ́ 22

Mo sọ fún un láàárọ̀: "Fọwọ́ kan gbogbo ẹ̀." Adájọ́ gbọ́ràn. Ó to igi bí ẹni ń to ìbọ̀sẹ̀. Nígbà tó parí, ó fa aago lọ́wọ́ Wọnrí-wọnrí, ó tẹ̀ ẹ́ dúró fúnra ẹ̀.

Ọkùnrin náà ṣírò. Ó nu awò ojú ẹ̀. Ó tún ṣírò. Mọ́kàndínlọ́gọ́rin. Tòmátì àti bàtà ṣì jẹ́ òdo — kó jókòó síbẹ̀. Ọmọ mi ò lọ ibì kankan. Orí kan náà, ọ̀sẹ̀ méjì péré. Àbí ó hù ni?

Ó jáde lọ wá òǹtẹ̀. Igi wà lórí tábìlì. Pupa, funfun. Mo ń wò ó.

Mo ti rí igi yìí rí.

Kíláàsì kẹta. Obìnrin kan, aago kan. "Ṣe irú èyí." Aṣọ mi mọ́ lọ́jọ́ yẹn, ìyá mi ti kìlọ̀ fún mi. Mo ká ọwọ́ jọ. Lọ́sẹ̀ kejì wọ́n ní orí mi ò gbàwé, kí n máa lọ kọ́ṣẹ́. Mo gbà wọ́n gbọ́. Láti ọjọ́ yẹn títí di àárọ̀ yìí.

Adájọ́ wojú mi. "Màámi, ẹ fọwọ́ kàn án. Wọn ò ní bínú."

Mo fa igi náà mọ́ra. Mo wo àwòrán. Mo tò ó.

Kò pẹ́ rárá.