Ẹ Kú Ọ̀fọ̀ ní Ààlà Sèmè: Bàbá Hippolyte Dúrótoyè, 1895–1957

Ìdílé Dúrótoyè ní Gbégamey, ní Kútọnu, ń kí gbogbo ẹ̀yin tí ẹ wá bá wa kẹ́dùn: ẹ kú aráfẹ́rakù. Ní ọdún 1895 ni a bí Bàbá Hippolyte Dúrótoyè ní Kétu, nígbà tí àwọn tó ti ìgbèkùn Àgbómẹ̀ dé ṣì ń kọ́ ilé sórí àwókù. Adélékan, àgbẹ̀, ni bàbá wọn. Yẹ́misí, ọmọ àwọn ọdẹ lápá Àgbádárìgì, ni ìyá wọn. Adélékan kì í yé ròyìn bí odi Kétu ti ga tó, àti bí ọ̀tá ṣe wọlé síbẹ̀síbẹ̀. Ohun tí ọmọ rí kọ́ nínú ìtàn náà ni pé odi yẹn ì bá tún ga sí i.

Ní 1904, Bàbá wọ iléèwé àwọn fadá ní Àjàṣẹ́. Ní 1915, wọ́n bá àwọn ṣọ́jà Faransé lọ sógun nílẹ̀ Faransé. Nígbà tí wọ́n dé ní 1919, wọ́n fẹ́ Màmá Françoise, ọmọ Àgùdà, aláṣọ, tó máa ń fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀ pé Faransé ni wọ́n fi ń lálàá. Iṣẹ́ ògbufọ̀ ni wọ́n ṣe ní ọ́fíìsì ìjọba ní Kútọnu.

Ní 1940, ìjà dé sáàárín Òyìnbó Faransé àti Òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì sé ààlà mọ́ wa. Ìyá Bàbá ti lọ kí àwọn àbúrò wọn lódìkejì ààlà láti ìgbà Àjíǹde, ní abúlé tí èèyàn lè gbọ́ kíkọ àkùkọ ibẹ̀ láti Sèmè. Ibẹ̀ ni ìsémọ́ ká wọn mọ́. A gbé Bàbá lọ sí Sèmè láti máa túmọ̀ fún kọ̀mándàǹ, ọ̀gá àwọn ṣọ́jà. Ó gbé ìbọn ńlá méjì kalẹ̀. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbé mẹ́ta. Ó bèèrè mẹ́rin. Bàbá gbà pé bẹ́ẹ̀ gan-an ló yẹ, pé aládùúgbò tó bá bẹ̀rù ẹni kò ní yọ ni lẹ́nu. Ká má purọ́, ẹnikẹ́ni kò kú lọ́dún náà. Ṣùgbọ́n lọ́jọọjọ́ Ìsinmi, Bàbá á lọ dúró sórí iyanrìn, wọn á máa wo òdìkejì. Wọn kò fẹ́ nǹkan mìíràn láyé ju kí wọ́n tún fojú kan ìyá wọn.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù kìíní 1941, ọyẹ́ bo ọ̀sà débi pé àwọn igi àgbọn dà bí ẹni ń rìn lọ. Ìbọn dún lódìkejì: mẹ́ta, ìdákẹ́, mẹ́ta. Kọ̀mándàǹ ní ogun dé, kí wọ́n ki ìbọn ńlá. Bàbá, ọmọ-ọmọ ọdẹ, sọ fún un pé ìbọn òkú àgbà nìyẹn, kì í ṣe ti ogun. Ó ní kí wọ́n lọ fi hàn án, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ òun á yin ìbọn ńlá náà. Ni Bàbá bá ṣí fìlà, wọ́n rìn wọnú ìkùukùu, tìbọn-tìbọn níwájú àti lẹ́yìn, wọ́n sì kígbe bí a ṣe ń kí ilé ọlọ́fọ̀:

“Ẹ kú ọ̀fọ̀ o, ẹ̀yin ará ibẹ̀! Ta ló lọ?”

Ohùn Rájí, àbúrò ìyá wọn, ló dáhùn:

“Hippolyte, ìwọ ló yẹ ká kí. Ìyá rẹ ni.”

Ẹnikẹ́ni kò yìnbọn. Bàbá bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n jẹ́ káwọn kọjá lọ sìnkú. Kọ̀mándàǹ kọ̀, àwọn Gẹ̀ẹ́sì náà kọ̀. Bàbá dúró lórí iyanrìn náà títí àwọn Rájí fi bo ìyá wọn mọ́lẹ̀ lódìkejì. Lọ́sẹ̀ kejì, ìwé kọ̀mándàǹ jáde pé agbára ìbọn ló pa àlàáfíà mọ́ lọ́jọ́ náà, Bàbá ló sì ní kí wọ́n túmọ̀ rẹ̀ fáwọn ṣọ́jà. Nígbà tí Bàbá dé orí ọ̀rọ̀ “àlàáfíà,” ẹkún gbà wọ́n lẹ́nu. Tí a bá bi wọ́n léèrè lẹ́yìn ìgbà náà, wọn á ní ìbọn kò jẹ́ ká pa ara wa lóòótọ́, kò sì jẹ́ ká sin ara wa.

Láti 1945, wọ́n ń kọrin nínú ìjọ Àgùdà, wọ́n sì ń parí ìjà aládùúgbò ní Gbégamey. Ilé àwọn méjèèjì tó ń jà ni wọ́n ti máa ń kọ́kọ́ jẹun. Wọ́n sùn ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹta 1957.

Wọ́n fi Màmá Françoise sílẹ̀, àwọn ọmọ, Fernand, Ọláníkẹ́ àti Zoé, ọmọ-ọmọ mẹ́sàn-án, àti Bàbá Rájí, tó ti òdìkejì wá mú wọn lọ. Lẹ́bàá ìyá wọn la ó sin wọ́n sí, ọ̀nà Sèmè la ó sì gbà.

Ẹ máa kọjá, Bàbá. Kò sẹ́ni tó máa dá yín dúró mọ́. Ẹ sùn re lọ́dọ̀ ìyá yín.