Òjò Orí Òrùlé Wa Ti Di Ọjà

Àkọ́bí mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara ń le, ṣé iṣẹ́ ń lọ, ṣé onílé rẹ ò tíì tún bẹ̀rẹ̀ wàhálà rẹ̀? Ọlọ́run tó mọ gbogbo ọ̀nà tí ẹsẹ̀ rẹ ń tọ̀ nínú ìlú ńlá yẹn kò ní mójú kúrò lára rẹ. Bí o ṣe ń wá owó, owó náà á máa wá ọ, ẹ ó sì pàdé lójú ọ̀nà. Bí o bá ń béèrè wa, a wà, a ò ṣàìsàn, àfi orúnkún bàbá rẹ tó máa ń dún bí ilẹ̀kùn nígbà tí wọ́n bá fẹ́ dìde, ìyẹn náà kì í sì í ṣe tuntun.

Ohun tó mú kí n kọ̀wé dípò kí n pè ọ́ ni pé ọ̀rọ̀ yìí tóbi ju ẹnu fóònù lọ. O sọ fún mi níjọ́sí pé láti ìgbà tí o ti gba iṣẹ́ alẹ́ mọ́ iṣẹ́ ọ̀sán nítorí owó páànù tí a fẹ́ fi tún òrùlé ṣe, o ò rí oorun sùn mọ́, kódà bí o bá lo oògùn. Látọjọ́ náà ni ọkàn mi ò ti balẹ̀. Bí mo bá ń dáná, ìwọ ni mò ń rò, bí mo bá ń gbálẹ̀, ìwọ náà ni. Bàbá rẹ ní kí n fara balẹ̀, pé àwọn náà ṣiṣẹ́ alẹ́ rí. Mo rán wọn létí pé iṣẹ́ ọdẹ ni wọ́n ṣe, wọ́n sì ń sùn níbẹ̀ débi pé olè yọ àga nídìí wọn.

Àfi bí òjò ọ̀sán kan ṣe ká obìnrin kan mọ́ iwájú ilé wa. Àlejò ni, ó gbé báàgì dúdú kọ́ èjìká, ó sì fi nǹkan bo etí rẹ̀ méjèèjì, nǹkan ọ̀hún tóbi tó àwo ọbẹ̀, ìdí nìyẹn tí bàbá rẹ fi ń pè é ní Elétí-ńlá, kò sì bínú. Mo ní kó wọlé. Ojú tì mí, torí o mọ bí pálọ̀ wa ṣe máa ń rí bí òjò bá ń rọ̀: abọ́ tánganran lábẹ́ wíńdò, agolo mílíìkì lórí tábìlì, garawa lẹ́nu ọ̀nà yàrá, gbogbo wọn ń gba omi. Mo ní kó má bínú, kó wá ibi tó gbẹ jókòó sí. Kò jókòó. Ó dúró sáàárín ilé, ó la ẹnu sílẹ̀, ó ní ṣé bó ṣe máa ń dún nìyí. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mo sì tún ń bẹ̀ ẹ́, ló bá ní kí n jọ̀ọ́ dákẹ́ díẹ̀.

Ó yọ igi kúkurú kan jáde nínú báàgì, orí rẹ̀ nírun bí ọmọ ológbò. Mo bi í bóyá nǹkan onírun náà ti jẹun. Ó ní ẹ̀rọ tó ń gba ohùn sílẹ̀ ni, pé irun náà kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ dà á láàmú. Síbẹ̀ mo gbé omi sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ta ló mọ̀.

Nígbà tí òjò dá, ó ní òun fẹ́ ra dídún òrùlé wa. Ó ní àwọn èèyàn wà káàkiri ayé tí oorun ti sá lójú wọn, tí wọ́n ń sanwó láti gbọ́ òjò nínú fóònù kí wọ́n lè sùn. Ó ní ti orí páànù tuntun tí òun ti gbà tẹ́lẹ̀, ariwo lásán ni, pé òun ò tíì gbọ́ irú tiwa yìí rí. Ọmọ mi, mo gbójú sókè, mo wo páànù tó ti dógùn-ún, tí bàbá rẹ fi táyà tẹ̀ kí ìjì má gbé e lọ. Gbogbo ìgbà tí mo fi ń ṣépè fún un, owó ló wà lórí wa. Ẹ̀rù Ọlọ́run bà mí.

Ó ní ká tọwọ́ bọ̀wé pé a ti ta ohùn òjò náà fún òun, owó sì gba inú fóònù bàbá rẹ wọ báǹkì. Nígbà tílẹ̀ mọ́, wọ́n wọ bàtà, wọ́n lọ bẹ ọmọbìnrin tó máa ń jókòó lẹ́yìn gíláàsì ní báǹkì pé kí wọ́n má da owó òjò pọ̀ mọ́ ti àwọn èèyàn, kó má lọ sọ owó olówó di tútù. Ọmọ náà ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀, pé òun á sá a sóòrùn. Bàbá rẹ ní ọmọ tó gbẹ̀kọ́ ni.

Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé òjò tún rọ̀. Bàbá rẹ ní ẹni tó bá ti ta adìẹ kì í lọ kó ẹyin rẹ̀. Ni wọ́n bá pín òwú sí méjì, wọ́n fún mi ní tèmi, a di etí wa, a jókòó, à ń wo òjò bí ẹni ń wo ọjà olọ́jà. Mo fẹ́ yọ ti apá kan díẹ̀ kí n gbọ́ bóyá ó ti ń rọlẹ̀, wọ́n fojú sọ̀rọ̀ sí mi, mo dá a padà. Àṣé Elétí-ńlá ti wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn látàárọ̀, ó ń kànkùn títí omi fi wọ̀ ọ́ lára. Nígbà tó fúnra rẹ̀ ṣílẹ̀kùn wọlé, tó rí òwú létí wa, ilẹ̀ ló jókòó sí, tó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní bíi fótò ni, pé ẹni tí wọ́n ya fótò rẹ̀ kò sọ ojú rẹ̀ nù. Mo ṣì ń rò ó di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí: ọjà wo ni wọ́n ń tà tí kì í kúrò nílé?

Ó ní àwọn tó gbọ́ ti àkọ́kọ́ ń béèrè òmíràn. Bí bàbá rẹ ṣe gbọ́ báyìí, wọ́n gun àkàbà tòun ti orúnkún wọn, wọ́n fi ìṣó lu ihò tuntun sí páànù, wọ́n ní bí ọjà bá ń tà, ṣe là ń fi kún un. Òjò tó tẹ̀ lé e, bẹ́ẹ̀dì wa ló kọ́kọ́ mu yó. Elétí-ńlá gbọ́ ọ, ó ní èyí ti di ẹ̀rọ omi, pé ẹni tó bá gbọ́ ọ kò ní sùn, ìtọ̀ ni yóò máa gbọ̀n ọ́n.

Ọjọ́ yẹn ló bá mi fi nǹkan náà bo etí kí n lè gbọ́ ohun tí a kọ́kọ́ tà. Ọmọ mi, ilé wa ni mo gbọ́. Tó, nínú abọ́, tín, nínú agolo, garawa ń gbè wọ́n lẹ́yìn. Mo rántí pé nígbà tí o wà ní kékeré, bó bá ti ń dún báyìí, ibi tí o bá wà lo máa sùn sí, tòun ti ṣíbí lọ́wọ́, bàbá rẹ á wá gbé ọ wọ yàrá. Omi bọ́ lójú mi níwájú àlejò. Òrùlé tó ń mú ọmọ ọlọ́mọ sùn, òun ni ọmọ tèmi ń tìtorí rẹ̀ ṣàìsùn.

Nítorí náà, gbọ́ ohun tí èmi àti bàbá rẹ fẹnu kò sí. Fi iṣẹ́ alẹ́ yẹn sílẹ̀. Owó òjò ti tó ra páànù tó máa bo yàrá, a ó sì fi pálọ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà, kí Elétí-ńlá máa rí ọjà rà. Káfíńtà ní òun ò rí ẹni tó bẹ òun rí pé kóun má fọwọ́ kan ibi tó ń jò. Bí o bá sì rí òjò wa nínú fóònù, má rà á. Bí ọ̀rẹ́ rẹ bá rà á fún ọ, má gbé fóònù náà sórí bẹ́ẹ̀dì. Elétí-ńlá ní kì í jò, ṣùgbọ́n òun kọ́ ló máa bá ọ sá tìmùtìmù.

Mi ò ní parí lẹ́tà láìbéèrè owó, kí o má baà rò pé ẹlòmíì ló kọ ọ́. Owó mọ́tò ni mo fẹ́. Má fi ránṣẹ́ sí mi, mú un dání, kí o fi wọkọ̀ wá sílé kí òjò ọdún yìí tó tán. Mo ti tẹ́ ẹní rẹ sí pálọ̀, sáàárín abọ́ àti garawa, níbi tó gbẹ.

Ọlọ́run á da oorun rẹ padà fún ọ, oorun tí kò ní oògùn nínú. O ò ní ṣiṣẹ́ fún ẹlòmíì jẹ. Bàbá rẹ ní kí n fi kún un pé lọ́jọ́ tí o bá dé, tí òjò bá rọ̀, àwọn á ti ilẹ̀kùn mọ́ Elétí-ńlá, pé òjò ọjọ́ yẹn, a ò tà á.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.