Àwọn Tó Yí Ìwé Wò

Ọjọ́ Ajé, 3 oṣù kẹta

Mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lónìí. Amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ olùkọ́ ìṣirò, kíláàsì ìrọ̀lẹ́, fún àwọn àgbàlagbà tó fẹ́ tún ìdánwò ilé ẹ̀kọ́ girama ṣe. Yàrá kan lókè ṣọ́ọ̀bù àwọn wẹ́dà. Irin ń dún lábẹ́ ẹsẹ̀ wa láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Pátákó ẹnu ọ̀nà ní ọgọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ló ń yege níbí lọ́dọọdún. Ẹni tó ni ilé ẹ̀kọ́ náà ló kọ ọ́ síbẹ̀. Kí n tó gun àtẹ̀gùn tán ni mo ti sọ ọ́ ní Baba Ọgọ́rùn-ún.

Olùkọ́ àgbà — Ọ̀gá Àbùjá ni mo sọ òun, torí ọ̀nà àbùjá ló máa ń gbà. Ó fi ṣọ́ọ̀kì há etí bíi káfíńtà. Kò ṣàlàyé ohunkóhun. Orin ló fi ń kọ́ wọn. Tí nọ́ńbà kan bá ti apá kan ìdọ́gba bọ́ sí apá kejì, á ké pé: "Ó kọjá odò—" Gbogbo kíláàsì á dáhùn: "Ó pààrọ̀ aṣọ!" Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé àmì ìròpọ̀ ti di ti ìyọkúrò. Àwọn àgbàlagbà ni o. Àwọn tó lọ́mọ nílé. Wọ́n ń ké bí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wà láàárín wọn, ní ìlà kejì.

Ní gbangba, "ẹ" ni màá máa lò fún ọkùnrin náà, nítorí pé wọ́n kọ́ mi nílé. Lórí ìwé yìí, "ó" ni yóò máa jẹ́. Kò sí ẹni tó máa bá mi wí níbí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4 oṣù kẹta

Kí n kọ ti ẹ̀gbọ́n mi sílẹ̀ kedere, torí tiwọn ni mo ṣe gba iṣẹ́ yìí. Òṣìṣẹ́ wọ́ọ̀dù ni wọ́n nílé ìwòsàn. Wọ́n ń tẹ́ ibùsùn, wọ́n ń da ìgbẹ́ aláìsàn nù, wọ́n ń gba èébú lọ́wọ́ àwọn nọ́ọ̀sì tí wọ́n jù lọ́jọ́ orí. Ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ṣetán láti gbà wọ́n. Ìṣirò nìkan ló kù. Tó bá di ọdún tó ń bọ̀, ọjọ́ orí wọn á ti kọjá iye tí wọ́n ń gbà. Ìdánwò ọdún yìí ni, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kò sí mọ́.

Mo yẹ iṣẹ́ àṣetiléwá wọn wò. 3x = 12. Wọ́n kọ x = 9. Mo ní báwo. Wọ́n ní mẹ́ta kọjá odò, ó pààrọ̀ aṣọ. Méjìlá dín mẹ́ta, mẹ́sàn-án. Mo bi wọ́n pé mẹ́sàn-án lọ́nà mẹ́ta jẹ́ mélòó. "Mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n," kíá, wọn ò tilẹ̀ gbójú sókè. Ṣé ó wá jẹ́ méjìlá? Wọ́n wò mí bí ẹni pé èmi ni mo gbẹ́ odò náà.

"Ọ̀jọ̀gbọ́n, má dà á rú mọ́ mi lójú o. Bí Ọ̀gá ṣe kọ́ wa nìyẹn."

Orí tó mọ mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n láìronú. Ọkùnrin kan fi orin dí i pa.

Ọjọ́rú, 5 oṣù kẹta

Odò. Odò. Odò. Ọkọ̀ ojú omi ni kíláàsì yìí nílò, kì í ṣe ṣọ́ọ̀kì.

Ọjọ́bọ̀, 6 oṣù kẹta

Mo bi Àbùjá ní yàrá àwọn olùkọ́, pẹ̀lú gbogbo ọ̀wọ̀ tó yẹ, pé kí nìdí tí àmì fi ń yí padà. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó pe àwọn yòókù kí wọ́n wá gbọ́ ohun tí ọmọ yunifásítì ń wí. "Tó bá pààrọ̀ aṣọ, ṣé ìwọ lo máa fọ̀ ọ́ ni?" Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Mo tún bi í.  Ó tún rẹ́rìn-ín. Láti ọdún gbọọrọ tó ti ń kọ́ni, kò bi ara rẹ̀ rí.

Nígbà náà ni Baba Ọgọ́rùn-ún wọlé, ìdì kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ń dún níwájú rẹ̀. Ìkéde: ìdánwò àṣewò máa wáyé ní Ọjọ́bọ̀, ogúnjọ́ oṣù. Ẹni tí kò bá gba ìdajì máàkì, ilé ẹ̀kọ́ kò ní forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún ìdánwò gidi. Ìforúkọsílẹ̀ máa parí ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e. Gbogbo ibòmíràn tó ń forúkọ sílẹ̀ ti ti ìwé wọn pa.

Ó wá yé mi. Bí ọgọ́rùn-ún ṣe ń pé ọgọ́rùn-ún nìyí: wọ́n á kọ́kọ́ ti àwọn tó lè kùnà síta, wọ́n á wá ka àwọn tó kù. Ẹni burúkú mélòó ló ti fi pátákó yẹn yangàn! Àwọn tí wọ́n tì síta ńkọ́? Kò sí ẹni tó kọ iye tiwọn sí pátákó kankan.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8 oṣù kẹta

Àbùjá fún mi ní kíláàsì Àbámẹ́ta. "Máa fi wọ́n ṣeré." Ó dára. Mo bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ pátápátá: ìdá.

Télọ̀ kan wà tó máa ń jókòó sẹ́yìn, aláriwo. Ó ro 1/2 pọ̀ mọ́ 1/3, ó gba 2/5. Òkè mọ́ òkè, ìsàlẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ — orin Àbùjá mìíràn. Mo ní: o ní ìdajì yáàdì aṣọ, mo tún fún ọ ní ìdá kan nínú mẹ́ta yáàdì lé e, aṣọ wá kéré ju ìdajì tó o ní tẹ́lẹ̀. Ta ló jí i?

"Oníbàárà ni."

"Irọ́!" Ẹ̀gbọ́n mi ló ké. "Ìwọ lo jí i, Télọ̀! Gbé aṣọ wa jáde!"

Kíláàsì dàrú. Ẹnì kan ní òun ti ń wá ṣòkòtò òun láti ọdún tó kọjá. Nígbà tí ẹ̀rín rọlẹ̀, a gé méjèèjì sí ìwọ̀n kan náà, mẹ́ta nínú mẹ́fà àti méjì nínú mẹ́fà, a sì rò wọ́n pọ̀. Télọ̀ wo márùn-ún nínú mẹ́fà yẹn pẹ́. Ó ní ìyẹn á tó rán nǹkan.

Wọn kì í ṣe òmùgọ̀. Òmùgọ̀ ni wọ́n fi ń ṣe olùkọ́ wọn.

Ọjọ́ Ajé, 10 oṣù kẹta

Mo fa odò náà gbẹ lónìí. Òṣùwọ̀n ni mo yà sójú pátákó: ohun tó o bá ṣe sí apá kan, ṣe é sí apá kejì, kó má bàa yẹ̀. 3x = 12. Ẹ̀gbọ́n mi pín méjèèjì sí mẹ́ta. Mẹ́rin. Wọ́n tún sọ mẹ́rin di ìlọ́po mẹ́ta, wọ́n rí méjìlá, wọ́n fi ọwọ́ gbá tábìlì. "Ó bára mu! Ọ̀jọ̀gbọ́n, ó bára mu!"

Àbùjá wà lẹ́nu ọ̀nà. "Ìyẹn gùn jù," ó ní, ó sì lọ. Bẹ́ẹ̀ ni, ó gùn. Èèyàn ní láti ronú láàárín rẹ̀.

Ọjọ́rú, 12 oṣù kẹta

Jiọ́mẹ́trì. Mo gba àwọn ìwé wọn, mo yẹ̀ wọ́n wò láti ojú ewé àkọ́kọ́. Ojú tì mí fún ẹ̀dá èèyàn. Gbogbo onígun mẹ́ta tí ọkùnrin yẹn ti yà fún wọn ló dúró bákan náà: ilẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ nísàlẹ̀, ògiri dúró lápá òsì, àkàbà fara ti ògiri. "Ilẹ̀, ògiri, àkàbà!" Àkàbà sì ni wọ́n ń wá nígbà gbogbo: sọ ilẹ̀ di ìlọ́po ara rẹ̀, sọ ògiri di ìlọ́po ara rẹ̀, rò wọ́n pọ̀, wá gbòǹgbò.

Mo ya tèmi. Igun tó gún régé bí igun ìwé, òkè ni mo fi í sí. Ẹ̀gbẹ́ tó gùn jù, mo tẹ́ ẹ sílẹ̀.

 Télọ̀ ní èyí ti ṣubú. Ẹnì kan ní kí wọ́n pe birikìlà.

Mo ní kí wọ́n yí ìwé wọn títí igun yẹn á fi padà sísàlẹ̀. Gbogbo wọn yí i, bí awakọ̀ tó ń gba kọ́ọ̀nà. Mo fún wọn ní gbólóhùn kan péré: ẹ̀gbẹ́ tí kò bá kan igun yẹn ni àkàbà, ibi yòówù kó sùn sí. Tí ó bá jẹ́ àkàbà ni wọ́n ti fún yín, ìyọkúrò ni, kì í ṣe ìròpọ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi yí tiwọn lọ, wọ́n yí i bọ̀. "Áà. Kò ṣubú rárá. Ibi tí a ti ń wò ó ni."

Mo fẹ́ kí àwọn tó ń ṣètò ẹ̀kọ́ lórílẹ̀ ayé gbọ́ gbólóhùn yẹn.

Ọjọ́ Àìkú, 16 oṣù kẹta

Ẹ̀gbọ́n mi ń yí gbogbo nǹkan wò nínú ilé. Àwo. Kálẹ́ńdà. Bàtà mi. Wọ́n ní àwọn ń wá àkàbà.

Ọjọ́bọ̀, 20 oṣù kẹta

Mo fẹ́ kọ ọ́ pẹ̀lú sùúrù. 

Wọn kò jẹ́ kí n ṣọ́ ìdánwò náà nítorí pé ẹbí mi wà níbẹ̀. Mo gbà, ó tọ́. Yàrá kejì ni mo wà. Àbùjá nìkan ló ṣọ́ wọn. Ìta ni wọ́n ti ra ìbéèrè, kò sì wò ó kó tó pín in.

Nọ́ńbà keje: onígun mẹ́ta tó dojú délẹ̀. Igun tó gún régé wà lókè. Ẹ̀gbẹ́ tó tẹ́ sísàlẹ̀ jẹ́ 13, ọ̀kan nínú àwọn tó dà gẹ̀rẹ̀ jẹ́ 12. Wá ẹ̀kẹta. Télọ̀ ló ròyìn ìyókù fún mi lórí àtẹ̀gùn, omi lójú rẹ̀, òun aláriwo yẹn. Ó ní òun yí ìwé òun. Ẹ̀gbọ́n mi yí tiwọn. Àwọn méjì mìíràn yí tiwọn. Àbùjá fò dìde: "Ẹ̀ ń yí ìwé han ara yín! Ojú mi rèé, ẹ̀ ń jíwèé wò!" Ẹ̀gbọ́n mi ní rárá sà, onígun mẹ́ta ni àwọn ń wò. "Ta ló ń wo ìwé lódì? Ṣé òkè lẹsẹ̀ tìẹ wà ni?" Ó gba ìwé àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó lé wọn jáde.

Àwọn yòókù kò yí tiwọn. Wọ́n sọ 13 àti 12 di ìlọ́po ara wọn, wọ́n rò wọ́n pọ̀ bí orin ṣe wí, wọ́n sì ń wá gbòǹgbò 313 títí agogo fi lù. Olóòótọ́ ni wọ́n lójú rẹ̀.

Ó rí èèyàn tó ń ronú, ó pè é ní olè. Bóyá kò rí irú rẹ̀ rí.

Ọjọ́ Ẹtì, 21 oṣù kẹta

Wọ́n ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Orúkọ mẹ́rin, òdo mẹ́rin: ìwà màgòmágó. Baba Ọgọ́rùn-ún rìnrìn àjò, ó di Ọjọ́ Ajé. Ìforúkọsílẹ̀ á parí lọ́jọ́ kejì rẹ̀.

Mo kọ ẹ̀hónú tó kún ojú ewé mẹ́rin, lórúkọ gbogbo àwọn tí kò ní ohùn. Mo kà á sókè fún ẹ̀gbọ́n mi níbi tí wọ́n ti ń lọ yunifọ́ọ̀mù wọn. Wọn kò dá mi dúró. Wọ́n lọ apá ọ̀tún, wọ́n lọ apá òsì.

"Ó dùn létí. Ṣùgbọ́n ta ni kò ní ohùn níbẹ̀? Èmi? Ìwọ náà mọ̀ pé mo ní ohùn. Sọ fún wọn pé mo yí ìwé. Sọ ìdí tí mo fi yí i. Ó tán."

Mo fa mẹ́ta ya. Èyí tó kù kò kún.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 22 oṣù kẹta

Ẹ̀gbọ́n mi kò yí ohunkóhun wò lónìí.

Ọjọ́ Ajé, 24 oṣù kẹta

Ọ́fíìsì Baba Ọgọ́rùn-ún. Àga aláwọ̀, fáànù tí kò ṣiṣẹ́, fọ́tò ara rẹ̀ mẹ́ta lára ògiri. Kò ka ìwé mi. Ó gbé ife tíì rẹ̀ lé e. Àbùjá jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó na ẹsẹ̀. Ó ní láti ìgbà tí òun ti ń ṣọ́ ìdánwò, òun kò rí ẹni tó yí ìwé àfi ẹni tó fẹ́ jí i wò. Ó ní èmi ni mo kọ́ wọn ní ìkọ́kúkọ̀ọ́.

Mo la ẹnu láti sọ̀rọ̀. Ilẹ̀kùn ṣí. Ẹ̀gbọ́n mi ni, nínú aṣọ iṣẹ́, láti wọ́ọ̀dù tààrà. Kò sí ẹni tó pè wọ́n. Wọ́n kí gbogbo ilé. Wọ́n gba ìwé ìbéèrè tí mo mú dání lọ́wọ́ mi, wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì gbé e síwájú Àbùjá.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi ṣe nọ́ńbà keje. Mo fẹ́ mọ ibi tí mo ti ṣì í."

Inú rẹ̀ dùn. Ó wo Baba Ọgọ́rùn-ún bí ẹni pé, ẹ wò ó, wọ́n ti ń tọrọ àforíjì. Ó yọ bírò. Ó kọ 13, ó dúró. Ó wo ilẹ̀, ó wá ògiri. Ó gbé orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Orí náà ń lọ, ó ń lọ, títí etí rẹ̀ fi fẹ́ kan èjìká. Ọrùn kò lè lọ mọ́.

Ó na ọwọ́. Ó yí ìwé náà.

Ó yí i dáadáa, wọ́ọ́rọ́wọ́, bí ẹni tó ń ṣe é lójoojúmọ́. Òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀. Àwa mẹ́ta tó kù mọ̀. Baba Ọgọ́rùn-ún ń wo ọwọ́ yẹn, kò wo ibòmíràn.

"Ẹ ṣeun sà," ẹ̀gbọ́n mi wí. "Ibi tí àwa náà ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn."

Ìgbà yẹn ló tó wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ó fà á bọ abẹ́ tábìlì.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 25 oṣù kẹta

Baba Ọgọ́rùn-ún ní kí wọ́n pa àwọn òdo yẹn rẹ́, wọ́n sì máàkì ìwé àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láàárọ̀. Gbogbo wọn kọjá ìdajì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kò ráyè parí rẹ̀. Wọ́n forúkọ wọn sílẹ̀ kí wọ́n tó ti ìwé pa. Mo fojú ara mi rí orúkọ ẹ̀gbọ́n mi.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n fún mi ní lẹ́tà tèmi. Wọn kò nílò mi mọ́. Ọ̀nà ìkọ́ni mi ń da orí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rú. Baba Ọgọ́rùn-ún fọwọ́ sí i, kò lè wo ojú mi. Àbùjá ṣì wà. Mo ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn nígbà tí mo gbọ́ ohùn rẹ̀: "Ó kọjá odò—" Ohùn tó dáhùn kò pọ̀ tó ti tẹ́lẹ̀. Mo dúró kí n lè gbọ́ ọ dájú. Kò pọ̀ rárá.

Nílé, ẹ̀gbọ́n mi gba lẹ́tà náà, wọ́n kà á. Wọ́n dorí rẹ̀ kodò, wọ́n tún un yí, wọ́n gbé orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bíi ti Àbùjá. Wọ́n ní ibi yòówù kí àwọn ti wò ó, ìwà òmùgọ̀ náà ni. Ẹ̀rín fẹ́ pa mí. Mi ò rántí ìgbà tí mo ti rẹ́rìn-ín kẹ́yìn.

Wọ́n wá fi ojú rẹ̀ dé tábìlì, wọ́n ya onígun mẹ́ta kan sí ẹ̀yìn rẹ̀, èyí tó dorí kodò pátápátá, wọ́n sì tì í sí mi.

"Ó yá, Ọ̀jọ̀gbọ́n. Télọ̀ àtàwọn tó kù ti wà lọ́nà. Sún àga yẹn, kó o jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀."