Ihò Tó Wà Lójú Àjà

Ìyá wọn, o kú iṣẹ́ òru. Bí o bá rí ihò lójú àjà pálọ̀, má pariwo olè. Ẹsẹ̀ ọkọ rẹ ló gba ibẹ̀ yọ láàárọ̀. Mo gorí àjà láti dí ibi tó ń jò, èmi ọ̀gá tí kì í pe kápẹ́ńtà. Àwọn ọmọ bá wọ ìbọ̀sẹ̀ sí ẹsẹ̀ náà. Màmá rẹ, tí àìsàn ti gba ẹ̀rín lẹ́nu wọn, ní, “Ọkọ ọmọ mi, ẹsẹ̀ kejì dà?” Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Ká ní mo mọ̀, ǹ bá ti tètè dá àjà lu.

Gbé abọ́ sábẹ́ ihò náà. Kápẹ́ńtà ń bọ̀ lọ́sàn-án. Bó bá béèrè, sọ pé ológbò ni. Màmá ti gbà láti jẹ́rìí.