Lẹ́tà Tí Erin Kọ sí Dúrófúnmi

Ọjọ́ Ajé, 4 Oṣù Kẹta 2024

Lẹ́tà dé fún Láńrewájú àbúrò mi. Ojú ìwé 14, bébà tó nípọn. Ilé-iṣẹ́ ńlá kan ní àwọn ló ni Dúrófúnmi, áàpù orí fóònù tó fi ọdún méjì kọ́ nínú gáréèjì mi ní Lithonia, ní Amẹ́ríkà níbí. Wọ́n ní ìjọba ti fún àwọn ní pátẹ́ǹtì rẹ̀ láti 2011 — ìwé pé àwọn nìkan ló lè ṣe é.

Bẹ́ẹ̀, ohun tó ń ṣe kò ju báyìí lọ: bí ẹni tó ń tọ́jú arúgbó kò bá lè lọ síbi iṣẹ́, fóònù á wá ẹni tó sún mọ́ ibẹ̀ jù láti gba ṣíìfù rẹ̀. Iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ni èmi náà ń ṣe, èmi ni mo ní kí Láńrewájú ṣe é. Èèyàn 312 ló ń lò ó, dọ́là méjì lóṣù lẹ́nì kọ̀ọ̀kan. 624.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5

Erin ni mo sọ ilé-iṣẹ́ náà. Pátẹ́ǹtì tí wọ́n ní: 9,400. Tí mo bá ń ka ẹyọ kan lójúmọ́, ó lé ní ọdún 25.

Ọjọ́bọ̀, 7

Mo ti dá wọn lóhùn kí Láńrewájú tó ti ibi iṣẹ́ rẹ̀ ní Fairburn dé. Bí ẹni tó jù ọ́ lọ bá ń bínú, ẹbẹ̀ lo máa kọ́kọ́ bẹ̀, kí ẹ tó sọ ti ẹni tó jẹ̀bi. Bí wọ́n ṣe tọ́ wa nìyẹn. Mo kọ ọ́ pé: Ẹ má bínú, a ti ṣe àṣìṣe, ẹ fi jì wá. Sítáǹbù: sẹ́ǹtì 68.

Ọjọ́ Ajé, 18

Erin fèsì. Wọ́n da ọ̀rọ̀ mi kọ sínú lẹ́tà tiwọn. Wọ́n ní a ti jẹ́wọ́.

Ọjọ́rú, 20

Ọ̀dọ̀ Lọ́yà Hephzibah, ti ṣọ́ọ̀ṣì wa. Kò gba owó. Ó ka lẹ́tà mi, ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀. "Aunty mi, ta ló ní kí ẹ bẹ̀ wọ́n?" N kò lè gbójú sókè. Láńrewájú ní, "Ẹ fi Sister sílẹ̀ jàre. Èmi náà ì bá bẹ̀ wọ́n."

Lọ́yà fi pátẹ́ǹtì náà hàn wá. Àwòrán ni: àpótí, ọfà, àpótí. Erin kò tilẹ̀ kọ́ irú áàpù bẹ́ẹ̀ rí. Wọ́n kàn yà á ni.

Mo ní àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá yòókù tó ń ṣe irú ẹ̀ ńkọ́? Ó ní àwọn yẹn ní pátẹ́ǹtì tiwọn, wọ́n á jọ gbà fún ara wọn: gba inú oko mi kọjá, kí n gba inú oko tìẹ. Àwa kò ní oko.

Ẹnu yà mí. Ilẹ̀ àti ilé ni mo mọ̀ pé èèyàn ń fi ìwé ní. N kò mọ̀ pé wọ́n lè fi ní ohun tí èèyàn máa rò lọ́la.

Ọjọ́ Ẹtì, 22

Lọ́yà ní láti bá wọn dé ìdí ẹjọ́ ní kóòtù: bíi $800,000. Mo fi 624 pín in. Oṣù 1,282. Ọdún 106, láìjẹun.

Láńrewájú gba bébà náà lọ́wọ́ mi. Ó ní, "Ẹ kọ lẹ́tà o, ẹ ò kọ lẹ́tà o, Sister, ọdún 106 náà ni."

Mo jókòó ti nọ́ńbà yẹn bí ẹni jókòó ti òkun.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 23

Láńrewájú pa áàpù náà. 312 di 0.

Ọjọ́ Ajé, 25

Latifah, ọ̀kan nínú àwọn 312, pè mí láàárọ̀. Ara ọmọ rẹ̀ ń gbóná, kò lè dé ọ̀dọ̀ màmá tó ń tọ́jú ní Lilburn. Mo ro ẹni tó sún mọ́ ibẹ̀ jù. Mo pe Divine, òun náà wà lára àwọn 312. Ó lọ. Kó tó di ọ̀sán, mo ti bá èèyàn méje ṣe é báyẹn, ẹnu lásán.

Láńrewájú dúró lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnì, ó ń gbọ́ mi. "Sister, ẹ rọra o. Erin lè ti gba pátẹ́ǹtì ìyẹn náà." Ó ń rẹ́rìn-ín.

Èmi kò rẹ́rìn-ín. Mo pe Lọ́yà kí n bi í bóyá òótọ́ ni. Kò tíì gbé fóònù.