Fọ́ọ̀mù Tí Wọ́n Ní Ká Kọ Ká Tó Gun Òkè Wa

Ferroudja ọmọ mi, ọmọ tó kọ́kọ́ sọ mí di bàbá,

Mo kí ọ o, mo kí ọkọ rẹ, mo kí àwọn ọmọ. Ṣé Tiziri ti bọ́ lọ́wọ́ ikọ́? Ṣé Ghilas ti ń jẹun? Ọlọ́run tó ń ṣọ́ ẹyẹ lórí ẹ̀ka kò ní gbàgbé yín nínú ilé alájà mẹ́jọ tí ẹ wà ní Algiers yẹn, iná kò sì ní kú mọ́ yín lórí nínú àpótí tó ń gbé yín gòkè. Bí o bá ń béèrè wa, a wà, a dúpẹ́. Ewúrẹ́ dúdú ti bí méjì. Igi ọ̀pọ̀tọ́ ẹ̀yìn ilé so débi pé a fi ọ̀pá ti ẹ̀ka rẹ̀. Akli aládùúgbò wa ń kí ọ, ó ní ṣé o ṣì máa ń sunkún bí àgbò bá wò ọ́.

A rí iṣẹ́ tí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù, pé nínú ẹ̀ẹ̀rùn yìí gbogbo wa yóò lọ lo ọjọ́ mẹ́ta ní òkè Djurdjura, nínú ọgbà ìjọba, àti pé kí n kọ ọ̀rọ̀ wa sínú fọ́ọ̀mù kí àwọn onílé tí a ó sùn sí lè mọ̀ wá. Ọmọ mi, lẹ́yìn ìrun òwúrọ̀ ni mo bẹ̀rẹ̀, ọ̀sán ló bá mi lórí ẹ̀. Ó bi mí ní ọjọ́ ìbí mi, mo kọ ọ́ pé ọdún tí yìnyín wó òrùlé mọ́ṣáláṣí ni, fóònù ní kò tọ̀nà. Ta ló sọ fún un? Ṣé ó wà níbẹ̀ ni? Ó ní ta ni kí wọ́n pè bí ewu bá dé, mo kọ Akli, nítorí bí èèyàn bá pè é láti òdìkejì odò, ó ń jẹ́. Ó ní kí n fi nọ́ńbà rẹ̀ sí i, mo fi méje sí i, torí ilé keje sí kànga ni ilé rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ló ní kí n fi hàn pé èèyàn ni mí. Mo kí i, kò dáhùn. Ó kó àwòrán mẹ́sàn-án jáde, ó ní kí n fọwọ́ kan èyí tó bá jẹ́ òkè níbẹ̀. Mo pe ìyá rẹ kó mú awò ojú rẹ̀ wá, àwa méjèèjì wò ó títí, a fẹnu kò pé a ò mọ ọ̀kankan nínú wọn. N kò fọwọ́ kan nǹkan kan, torí irọ́ kò dára. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló lé mi padà sẹ́yìn. Awakọ̀ tó ń ná Algiers ló bá mi parí ẹ̀, mo fún un ní ẹyin mẹ́fà.

Ṣùgbọ́n fọ́ọ̀mù kọ́ ló mú mi kọ lẹ́tà yìí, ọ̀rọ̀ ìyá rẹ ni. Nígbà tí mo ka iṣẹ́ rẹ sí i létí, ìyẹ̀fun kuskus ló ń fọwọ́ ra, kò gbójú sókè. Ó ní kí ẹ máa lọ, òun ó dúró ṣọ́ ewúrẹ́. Mo ní kí ló dé. Ó ní òkè tí èèyàn ń gba ìwé kó tó gùn kì í ṣe tòun mọ́.

Ìwọ ò bá ibẹ̀ bó ṣe wà. Orí òkè yẹn ni wọ́n bí ìyá rẹ sí, nínú ahéré olókùúta tí bàbá rẹ̀, Mokrane, máa ń kó àgùntàn lọ sí lọ́dọọdún. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i, ó ń pọnmi ní ìsun tí à ń pè ní Tala Tsekkurt. Ọ̀bọ kan jí búrẹ́dì rẹ̀, ó ń sọ òkò sí i, òkò bà mí léjìká. Kò bẹ̀ mí o. Ó ní kí ni mo wá ṣe lẹ́yìn ọ̀bọ. Ferroudja, ayé dùn nígbà yẹn. A máa ń fi yìnyín inú ihò àpáta mú wàrà tutù nígbà tí oòrùn ń jó àwọn ará ìsàlẹ̀. Àwọn ìyá wa á máa kọrin láti ahéré kan sí èkejì, a ó sì ti mọ ẹni tó bímọ àti ẹni tó ń bínú sí ọkọ rẹ̀, láìgbé ẹsẹ̀ kúrò nílé.

Ọdún ìbọn dé, ogun wọ inú òkè, àwọn ológun ní kí ẹnikẹ́ni má gòkè mọ́. Mokrane bàbá àgbà rẹ á gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ síta, á kọjú sí òkè, á máa fi ẹnu fọn súfèé pe àgùntàn tí ó ti tà. Ó kú kí ọ̀nà tó là. Láti ìgbà náà ni ìyá rẹ kò ti gun ibẹ̀ mọ́. Ó ní òkè tí kò gba bàbá òun padà, kí lòun ń lọ ṣe níbẹ̀?

Ni mo bá purọ́ fún un lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ọlọ́run á forí jì mí. Mo ní ọjà ni mò ń lọ, mo sì gun ìbaaka Akli lọ sókè, kí n lè mọ̀ bóyá ohun kan ṣì kù níbẹ̀ kí n tó máa bẹ̀ ẹ́. Òrùlé ahéré ti wó. Igi kédárì kan tó ga tó mi ti hù níbi tí ààrò wà. Ṣùgbọ́n omi ń sun! Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ri pátákó kan mọ́, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé "Omi Kẹrin". Mo dúró níwájú pátákó yẹn bí ẹni tí wọ́n yí orúkọ ọmọ rẹ̀ padà.

Ọmọbìnrin kan tó wọ aṣọ aláwọ̀ ewé, aṣọ́gbà ìjọba, ló wá bá mi. Djouher lorúkọ rẹ̀. Ó ní, Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dáná níbí. Mo ní iná tí mo dá níbí ti kú kí wọ́n tó bí bàbá rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín. Mo bi í pé ta ni Kẹrin. Ó ní àwọn ará ìlú ńlá ló wá ka iye ìsun tó wà lórí òkè, kò sẹ́ni tó mọ orúkọ nínú ọ́fíìsì àwọn, àwọn tó mọ̀ ọ́n kì í gòkè wá mọ́. Ó fa ìwé kékeré yọ. Mo sọ Tala Tsekkurt fún un, mo sọ ahéré Mokrane, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí orúkọ tó kù fi dàrú mọ́ mi lẹ́nu. Mo ní ìyàwó mi ló mọ ìyókù. Ó ní, Bàbá, ẹ mú màmá wá fún wa.

Nígbà tí mo délé, ìyá rẹ wà lẹ́nu ọ̀nà. Ìyàwó Akli ti tú mi fó. Ó ní ọjà wo ni wọ́n ti ń ta ẹ̀gún òkè tó lẹ̀ mọ́ mi ní ṣòkòtò? Ó ní ìbaaka Akli olójú kan, èmi olójú kan, ta ló wá ń mú ta lọ? Mo gbé ìgò omi tí mo bù wá fún un. Ó mu díẹ̀, ó fi í sẹ́nu fún ìgbà pípẹ́ kó tó gbé e mì. Ó ní ó ṣì tutù. Mo wá sọ ọ̀rọ̀ Omi Kẹrin àti ti Djouher pẹ̀lú ìwé rẹ̀ fún un.

O kúkú mọ ìbínú ìyá rẹ. Ó dìde dúró. Ó ní ta ló ní Kẹrin! Ó bẹ̀rẹ̀ sí í pe orúkọ láti ìsàlẹ̀ òkè lọ sókè, òkúta kan ò ṣẹ́kù, ibi tí ọ̀nà ti yà, ibi tí bàbá rẹ̀ ti máa ń sinmi, ó ń pè wọ́n bí ẹni ń pe àwọn ọmọ wá jẹun. Ó pè é dé ahéré wọn, ohùn rẹ̀ já. Ó fi gèlè nu ojú. Nígbà tó yá, ó ní ṣé ìwé ọmọbìnrin yẹn nípọn tó.

Nítorí náà, ra ìwé tó nípọn bọ̀. Fi owó bàtà ìyá rẹ ránṣẹ́, èyí tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ le, àti díẹ̀ fún Akli nítorí ìbaaka. Kò béèrè o, àmọ́ tó bá ti rí mi ló ń wúkọ́. Má fi í gba báńkì, wọ́n ní àfi kí n fọwọ́ síwèé lẹ́ẹ̀mejì kó rí bákan náà, ta ló lè ṣe irú ẹ̀? Gbé e fún awakọ̀.

Ọ̀nà yín á là. Ẹ ò ní fẹsẹ̀ kọ, ẹ ò ní sin wá lọ́jọ́ àìpé, àwọn ọmọ yín náà á gbé yín gòkè lọ́jọ́ ogbó.

Èmi ni bàbá rẹ,
Meziane

Ìyá rẹ ní kí n fi èyí kún un: ẹ má jẹ́ kó di oṣù kẹjọ. Bí ọ̀gá rẹ bá ní kò sí àyè, kí o sọ fún un pé ìyá rẹ ń lọ kí ilé.